Èròjà olóòórùn dídùn kọ́ ló ń mú kúìlìtì rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo fi máṣíìnì rán kúìlìtì kan, mo sì jẹ́ kí ìlà rẹ̀ súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí kó má bàa tú. Ó ti wá gan báyìí, kì í wọ̀ mọ́ra téèyàn bá fi bora. Èròjà wo ni kí n dà sómi fọ̀ ọ́ kó lè rọ̀?

Ìdáhùn: Kò sí ìkankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má náwó sí i. Ìbéèrè yìí ò yé dé, ó sì ń dùn mí pé wọ́n ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ jẹ. Gbogbo ohun tí èròjà olóòórùn dídùn tí wọ́n ń tà pé ó ń mú aṣọ rọ̀ ń ṣe ni pé ó ń fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú aṣọ. Ọwọ́ yín á máa yọ̀ lára rẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti rọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn wò, gígan tó gan tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì gan. Tí ẹ bá sì ń lò ó léraléra, aṣọ òwú ò ní í fa omi mọ́ra dáadáa mọ́.

Ìlà tí ẹ rán ni ẹ wò. Ìpele mẹ́ta ni kúìlìtì: aṣọ òkè, òwú àárín, aṣọ ìsàlẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ló ti de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì ni aṣọ ti ń ráyè tẹ̀. Tí kò bá sí àlàfo, níbo ni kó ti tẹ̀?

Ẹ dán an wò kí ẹ tó bá mi jiyàn. Ẹ gé ègé méjì tó jẹ́ íǹṣì 12 níbùú lóròó, aṣọ kan náà, òwú àárín kan náà. Ẹ jẹ́ kí ìlà ọ̀kan fi ìdajì íǹṣì jìnnà síra, kí ti èkejì jẹ́ íǹṣì 3. Ẹ wá tẹ́ méjèèjì sí etí tábìlì, kí ìdajì wọn yọ síta. Èyí tí ìlà rẹ̀ jìnnà síra á wọlẹ̀ wọ̀ọ̀, èkejì ò ní í wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù pé á tú yẹn, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára àpò òwú àárín bí ìlà ṣe lè jìnnà síra tó tí òwú náà ò fi ní í ṣù jọ. Àwọn kan gbà tó íǹṣì 8, òmíràn tó 10. Èmi fẹ́ràn 3 sí 4 fún èyí tí wọ́n fẹ́ máa fi bora. Ẹ sáà jẹ́ kó dọ́gba káàkiri, nítorí tí apá kan bá há tí apá kejì fẹ̀, aṣọ á máa hunjọ.

Òwú ìránṣọ tó tín náà dáa. Nọ́ńbà 50 tín ju 40 lọ. Gum stay tí wọ́n fi lẹ àwòrán mọ́ aṣọ ńkọ́? Ó máa ń mú kí ibẹ̀ gan.

Èyí tí ẹ ti rán tán, ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa, torí ọṣẹ tó bá kù sínú aṣọ náà ń mú un gan. N kò rí aṣọ yín o, torí náà ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nu igun kan rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá á ṣí àwọ̀. Òwú àárín tó bá jẹ́ ògidì òwú lè sún kì díẹ̀. Tó bá ṣì gan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú ìlà kan, kí ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Àmọ́ ẹ ka ara àpò òwú yẹn ná. Tí àlàfo tó máa ṣẹ́ kù bá ju iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ, ẹ má tú u.