Ìwé Ìmọ̀ fún Àwọn Ọmọ Girama: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Yín

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn bí a ṣe lè kó ìwé ìmọ̀ tó péye jọ sínú ilé ìkàwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí a ń pè ní ìwé ìmọ̀ níbí ni gbogbo ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, ìbáà jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì, ti ìlera, ti òfin, ti iṣẹ́ ọwọ́, ti ìtàn ayé àtijọ́ tàbí ti ìgbésí ayé èèyàn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló fẹ̀ jù, òun náà ni a ó sì lo àkókò lé lórí jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, mo kí yín. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé ìkàwé sí abẹ́ àbójútó mi. Ìwé kún orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fọwọ́ kan èyí tí kì í ṣe ìtàn àròsọ níbẹ̀ àfi tí olùkọ́ bá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Owó díẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti fi ra ìwé tuntun. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ kí owó náà má bàa ṣòfò?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ẹ má tíì ra ìwé kankan. Ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tí àkókò rẹ̀ ti kọjá kúrò lórí pẹpẹ. Ìtàn àròsọ tí wọ́n kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣì lè dùn ún kà lónìí, ṣùgbọ́n ìwé ìmọ̀ máa ń gbó, bó bá sì ti gbó, irọ́ ló ń pa fún ọmọ tó bá gbà á gbọ́. Ìwé tó ṣì ń ka Pluto mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án tó ń yí oòrùn po kò tíì gbọ́ ìpinnu ọdún 2006, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé yọ ọ́ kúrò nínú ìsọ̀rí náà. Ìwé kẹ́mísìrì tí àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀ kò ní orúkọ nihonium, moscovium, tennessine àti oganesson ti wà ṣáájú ọdún 2016. Bí máàpù ayé inú ìwé jẹ́ọ́gíráfì kan kò bá ní South Sudan, ó ti wà ṣáájú 2011. Bó bá sì jẹ́ Swaziland ló ń pe Eswatini, ó ti wà ṣáájú 2018. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti yẹ irú nǹkan wọ̀nyí wò, wọn yóò sì sọ ọjọ́ orí ìwé fún yín ju bí èèpo rẹ̀ ṣe rí lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ọdún tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé. Bí òǹtẹ̀wé bá tún ìwé ọdún 1995 tẹ̀ ní 2020 láìtún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀, ìwé ọdún 1995 náà ló ṣì jẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ bóyá àtúnṣe dé bá àtẹ̀jáde náà tàbí bébà nìkan ló tuntun.

Àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà máa ń lo àmì mẹ́fà tí wọ́n kó jọ sínú ọ̀rọ̀ kan, MUSTIE, láti fi mọ ìwé tó yẹ ní yíyọ: èyí tó ń ṣini lọ́nà, èyí tó ti ya tàbí tó ti dọ̀tí, èyí tí ìwé mìíràn ti gba ipò rẹ̀, èyí tí kò ní láárí, èyí tí kò wúlò fún àwọn òǹkàwé ibẹ̀, àti èyí tó rọrùn láti rí níbòmíràn. Ní tiwa, àkọ́kọ́ nínú wọn ló wúwo jù lọ. Ìwé tó ya, ojú ni a fi ń rí i. Ṣùgbọ́n ìwé tó mọ́ tónítóní, tí ìmọ̀ràn ìlera inú rẹ̀ sì ti yí padà, òun gan-an ló léwu, nítorí pé ọmọ kò ní fura sí i rárá. Ẹ má sì fi ọjọ́ orí nìkan dá ìwé lẹ́jọ́. Ìwé ìlera, ti òfin àti ti kọ̀ǹpútà yẹ fún àyẹ̀wò kíákíá, àmọ́ ìwé ìṣirò tó dára, ìwé nípa iṣẹ́ ọnà, àti àkójọ lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ọ̀ràn ìtàn kan ṣojú wọn lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbó.

Lẹ́yìn èyí, pẹpẹ yóò ṣófo díẹ̀, ó sì lè dà bíi pé ẹ ba nǹkan jẹ́. Ẹ fara dà á. Àyè tó ṣí sílẹ̀ ni ẹ ó fi lè to ìwé mélòó kan kí èèpo wọn kọjú síta, tí ọmọ tó ń kọjá lọ yóò fi rí àwòrán èèpo náà tí yóò sì dúró.

Nígbà náà ni kí ẹ wá ka ohun tó kù. Ètò ìsọ̀rí tí Melvil Dewey gbé jáde ní ọdún 1876 pín ìmọ̀ sí ìsọ̀rí ńlá mẹ́wàá, láti 000 dé 900, ó sì wúlò fún iṣẹ́ yìí ju pé kó kàn máa fi ibi tí ìwé wà hàn lọ. Ẹ kọ iye ìwé tó wà ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì kọ iye tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yá nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ lè bá a pé 900, níbi tí ìtàn àti jẹ́ọ́gíráfì wà, kún dé òkè, kí 600, tó jẹ́ ti ìlera, ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, má ní ju ìwé mélòó kan lọ, kí èyí tó wà ní 796, níbi tí eré ìdárayá wà, sì ti fàya nítorí pé ọwọ́ kì í kúrò lára wọn. Ohun tí àwọn ọmọ ń wá nìyẹn, wọ́n sì ti sọ ọ́ láìla ẹnu.

Ẹ tún fi ìwé àkọsílẹ̀ kan sórí tábìlì yín, kí ẹ máa kọ gbogbo ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè tí ìwé kankan kò sì lè dáhùn sínú rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín láti mọ kókó tí wọ́n máa fún àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ lé lórí ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti àwọn olùkọ́ nìkan lẹ tẹ̀ lé, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ni gbogbo rẹ̀ yóò máa jẹ́, ìṣòro tí ẹ kọ̀wé sí wa nípa rẹ̀ kò sì ní yanjú. Ọmọ ọdún 15 ń fẹ́ mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù, ìdí tí òun kò fi lè sùn lóru, bí èèyàn ṣe ń dá owó tirẹ̀ ní, àti ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kú. Kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́, àmọ́ òun ló ń sọ ọmọ di òǹkàwé. Ìdajì owó yín ló yẹ kó lọ síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ń kùn.

Bí ẹ bá ti dé ibi tí ẹ ti ń yan ìwé, ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ǹjẹ́ òǹkọ̀wé sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ǹjẹ́ atọ́ka wà tí ọmọ lè fi wá orúkọ kan láìka gbogbo rẹ̀? Ẹ wá wo inú. Òǹkọ̀wé tó ṣeé fọkàn tán máa ń jẹ́ kó hàn gbangba ibi tí ẹ̀rí parí sí àti ibi tí àbá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ bá ara wọn sọ, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tó ti rí i, ìtàn àròsọ ló fi aṣọ ìmọ̀ bò. Ẹ ka orí kan nípa ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ dunjú. Bó bá ṣìnà níbẹ̀, ẹ má gbára lé e níbi tí ẹ kò ti mọ̀. Fún ti físíìsì tàbí ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè, ẹ fún olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní orí kan kà kí ẹ tó sanwó.

Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ọmọ kíláàsì kan náà ló ń kàwé bákan náà. Ọ̀dọ́ tí ìwé kíkà ṣòro fún kò fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ òun rí ìwé ọmọdé lọ́wọ́ òun. Ẹ wá ìwé tí gbólóhùn rẹ̀ kúrú, tí àwòrán rẹ̀ pọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti àgbà. Ìwé ìmọ̀ tí wọ́n kọ bí ẹni ń pìtàn náà máa ń fa irú wọn mọ́ra, pàápàá àwọn tó ti fẹ́ràn ìtàn àròsọ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2010 ni YALSA, ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ti ń fi àmì ẹ̀yẹ dá ìwé ìmọ̀ fún ọmọ ọdún 12 sí 18 lọ́lá lọ́dọọdún. Orúkọ àwọn ìwé tó dé ìpele ìkẹyìn dára láti fi bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń pọ̀ nínú wọn, kò sì yẹ kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ láìwo ẹni tó máa kà á.

Ẹ má ná owó náà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè tuntun yóò máa wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ yín lóṣooṣù.

ÌBÉÈRÈ: Mo wà nínú ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé kò sí ìdí láti ra ìwé ìmọ̀ mọ́, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni èrò yín?

ÌDÁHÙN: Apá kan ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òótọ́, ẹ má sì bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Kò yẹ kí owó lọ sórí ìwé ìmọ̀ gbogbogbò onípele púpọ̀, ìyẹn ẹnsaikilopídíà, tàbí ìwé tó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò yí padà láìpẹ́. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà sórí ẹ̀rọ, bí irú èyí tí OpenStax ti Yunifásítì Rice ń gbé jáde láti ọdún 2012, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ilé ìkàwé lè tọ́ka sí wọn, kí owó lọ síbòmíràn.

Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé ẹni tó mọ ohun tó ń wá nìkan ló lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ìṣẹ̀dá òkúta wà láyé kò lè tẹ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè kọsẹ̀ lára ìwé rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ìwé odidi sì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí ojú ewé kúkúrú kò lè kọ́ ọ: bí a ṣe ń tẹ̀ lé àlàyé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹ̀rí ń gun orí ẹ̀rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ náà bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe èyí nísinsìnyí.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin mú ìwé kan wálé láti ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó dá lórí ìbálágà àti ara èèyàn. Inú mi kò dùn sí i. Ṣé ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀? Àti pé lórí ọ̀rọ̀ tó ń fa awuyewuye, ṣé kì í ṣe ìhà méjèèjì ló yẹ kí wọ́n máa kó sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa kí ẹ tó fi ìbínú lọ sí ilé ẹ̀kọ́. A bọ̀wọ̀ fún àníyàn òbí, síbẹ̀ a gbà pé ó yẹ kí ìwé náà wà níbẹ̀. Ara àwọn ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yìí ń yí padà lójú wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ìtìjú kì í sì jẹ́ kí wọ́n béèrè. Bí ìwé tí onímọ̀ ìlera kọ kò bá dá wọn lóhùn, ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò mọ̀ jù wọ́n lọ ni yóò dá wọn lóhùn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bá ọmọ yín jókòó lórí ohun tó ń kà, kódà láti sọ pé kó dúró díẹ̀. Ohun tí òbí kan kò lè ṣe ni pé kó pinnu fún ọmọ gbogbo ilé.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ó yẹ kí ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ wà kí awuyewuye tó dé: ta ló ń yan ìwé, ìdí wo ni wọ́n fi ń yàn án, àti bí òbí ṣe lè kọ̀wé béèrè fún àtúnyẹ̀wò. Kí ìwé náà ṣì wà lórí pẹpẹ títí àyẹ̀wò yóò fi parí, kí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò sì kà á tán. Ìkéde IFLA, ìyẹn àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé lágbàáyé, àti UNESCO lórí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́, tó jáde ní ọdún 1999, sọ pé kò yẹ kí ìfòfindè nítorí ìṣèlú, ẹ̀sìn tàbí èrò ẹgbẹ́ kankan dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń lo ilé ìkàwé, ó sì ka ìfúngunmọ́ àwọn oníṣòwò mọ́ ọn.

Ìhà méjèèjì ni ẹ sọ, ó sì dára níbi tí àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà bá ti yàtọ̀ síra ní tòótọ́, bíi bóyá ó yẹ kí ìdájọ́ ikú wà tàbí bóyá iye owó orí yìí tó tàbí kò tó. Ibẹ̀ ni kí ọmọ ti rí ìwé méjì, mẹ́ta, kó wọ̀n wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ń sọ pé kì í ṣe kòkòrò HIV ló ń fa àrùn éèdì kì í ṣe ìhà kejì ohunkóhun. Àṣìṣe ni, ó lè pa èèyàn, kò sì yẹ kó jókòó ti òtítọ́ bí ẹni pé wọ́n dọ́gba.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan fẹ́ fún ilé ìkàwé wa ní páálí ìwé ìmọ̀ bíi mélòó kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ká gbà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, kí ẹ sì sọ fún un kó tó gbé e wá pé ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé owó yín lẹ fẹ́ fi rà á, àti pé èyí tí kò bá yege kò ní dé orí pẹpẹ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì jọ fọwọ́ sí i, kí inú má bàa bí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí èyí tí ìmọ̀ inú rẹ̀ ti di àṣìṣe, ẹ má ṣe gbé e fún ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò ní ìwé. Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ń fẹ́ òótọ́. Ẹ kó o lọ fún àwọn tó ń fi bébà àlòkù ṣe bébà tuntun.