Ẹ Bi Wá: Òróró Pẹpamíǹtì, Orí Fífọ́ àti Orúnkún Ríro

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iwájú kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá ti di ọ̀sán báyìí orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, á dà bíi pé wọ́n fi okùn dì í pinpin. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní òróró pẹpamíǹtì inú ìgò kékeré, ó ní kí n máa fi pa iwájú orí, pé kò sí kẹ́míkà kankan nínú ẹ̀. Mo dà á sọ́wọ́ mo fi pa á tààrà, ni ojú bá ń ta mí, omi ń dà lójú mi, mo bu omi tútù fọ iwájú orí ló tún wá le sí i. Ṣé òróró yẹn ti bàjẹ́ ni àbí ara mi ni ò gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kò jọ pé òróró yẹn bàjẹ́ rárá, ẹ kàn lò ó láì là á ni. Ewé rẹpẹtẹ ni wọ́n ń fi oru omi gbígbóná fa òróró lára ẹ̀ kó tó kún ìgò kékeré, ìdí nìyẹn tó fi ń ta tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé kò sí kẹ́míkà nínú ẹ̀ yẹn, ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé menthol, ìyẹn ohun tó ń mú kí míǹtì tutù lára, kẹ́míkà ni, òun gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́, ó máa ń tó nǹkan bí ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún òróró náà.

Bó ṣe ń ṣe é rèé: nǹkan kan wà lára iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sọ́pọlọ wa tí wọ́n ń pè ní TRPM8, òtútù ló máa ń ta á jí, menthol náà sì mọ bó ṣe ń ta á jí, ọpọlọ á wá gbọ́ pé òtútù dé nígbà tí òtútù kankan ò dé, ìròyìn òtútù yẹn á bo ìròyìn ìrora mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi tútù fi tún dá kún un. Lọ́dún 2002 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, David Julius àti Ardem Patapoutian, kálukú lọ́tọ̀, fi menthol rí TRPM8 yìí, àwọn méjèèjì náà ló sì jọ gba Nobel Prize ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 2021.

Fún irú orí fífọ́ tiyín yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Wọ́n dán an wò ní Jámánì, wọ́n kọ ọ́ jáde lọ́dún 1996, òróró ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi ọtí líle là ni wọ́n fi pa iwájú orí àti ẹ̀bátí, ó sì ṣe bẹbẹ débi tí kò fi sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ẹ̀ àti paracetamol 1000 mg.

Ẹ̀yin ẹ má lo ọtí jàre. Ẹ̀kán 3 péré nínú ṣíbí tíì kan òróró àgbọn tàbí ólífì ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ inú ìgbọ̀nwọ́ wò, tí kò bá yún yín tàbí pọ́n títí ọjọ́ kejì, ẹ wá fi ìka pa ẹ̀bátí àti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí, ó tán, kó má sún mọ́ ojú, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Tó bá ta yín lára, òróró oúnjẹ lẹ ó fi nù ún kúrò, omi lásán á kàn gbé e kiri ni. Tó bá wọnú ẹyinjú, omi tó mọ́ lẹ ó máa dà sí i dáadáa.

Ṣùgbọ́n tí orí bá ń fọ́ yín lójoojúmọ́ níwájú kọ̀ǹpútà, ẹ lọ yẹ ojú wò, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yẹn sókè díẹ̀ kọ́rùn sinmi. Tórí fífọ́ bá ṣàdéédé dé lójijì tó le gan-an, tàbí tọ́rùn gan pẹ̀lú ibà, ọsíbítù ni o.

Ìbéèrè: Orúnkún ń ro màmá mi, òróró míǹtì là ń fi pa á, lẹ́yìn náà a ó gbé rọ́bà omi gbígbóná lé e kó lè wọlé dáadáa. Ṣé ó dáa?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀. Menthol ò ní jẹ́ kí màmá tètè mọ̀ pé omi yẹn ti gbóná jù, kí wọ́n tó mọ̀ ara ti bó. Lọ́dún 2012, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn ìpara iṣan àti oríkèé ríro tó ní menthol ti jó àwọn kan lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí wintergreen tàbí methyl salicylate lára ẹ̀ tí màmá sì ń lo warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má fi pa wọ́n lára láì bi dókítà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè kán an sínú tíì mu fún inú rírun, kí n sì fi pa àyà ọmọ mi, ọmọ oṣù 5, kàtá ń dà á láàmú?

Ìdáhùn: Ti ọmọ ni kí n kọ́kọ́ sọ: ẹ má dán an wò. Menthol nítòsí imú ọmọ ọwọ́ lè mú kí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ pa dé, kéèmí sì dúró. Omi iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún imú ọmọdé lẹ ó kán sí i, ẹ fà á jáde, tọ́mọ bá ń mí gúlegúle tàbí tí ò mu ọmú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀.

Ti inú rírun, kápúsù tí kì í tú àfi tó bá dénú ìfun ni wọ́n ń fún àwọn tífun wọn máa ń há wọn, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ kán sínú tíì, ìyẹn á kàn dẹ ẹnu ikùn lókè ni, àyà á máa ta yín. Tó bá jẹ́ pé tíì míǹtì lọ́kàn yín fà sí, ewé ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rẹ sómi gbígbóná.