Ṣé P-glycoprotein, ìyẹn purotéènì tó ń ti oògùn jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, kan agbára sójà ara láti pa jẹjẹrẹ?

Ó kàn án gan-an o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ tẹ́ ẹ bi í. Ọdún 1976 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Juliano àti Ling, kọ́kọ́ ròyìn ẹ̀ ní Kánádà, àwọn kan ń pè é ní MDR1, ó máa ń lo ATP, ìyẹn agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, láti ti oògùn jẹjẹrẹ bíi doxorubicin jáde, ìyẹn wà lára ohun tí kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, kì í fi í ran jẹjẹrẹ míì. Ṣùgbọ́n àwọn sójà ara tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T CD8 àti NK, àwọn tó ń da purotéènì apani tó ń jẹ́ perforin àti granzyme sára sẹ́ẹ̀lì burúkú títí táá fi kú, àwọn náà ní in! Nínú eku tí wọ́n ti yọ MDR1 kúrò, mitochondria sẹ́ẹ̀lì T yẹn, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, daṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò lè pọ̀ kí wọ́n sì ja fáírọ́ọ̀sì bó ṣe yẹ. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè nìyẹn, torí téèyàn bá dí P-glycoprotein yìí kí kẹ́mò lè dúró nínú jẹjẹrẹ, ó lè ṣàkóbá fún sójà ara náà. Verapamil, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń dí i, torí náà ẹni tó ń gba kẹ́mò ò gbọ́dọ̀ dédé lọ rà á ní kẹ́mísì ní Lagere láìjẹ́ pé dókítà ẹ̀ mọ̀ sí i.