Báwo ni wọ́n ṣe ń to rífíù fíìmù sójú ìwé màgasíìnì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe màgasíìnì fíìmù fún ẹgbẹ́ yín ní Kàbà. Orúkọ fíìmù ló máa ń ṣáájú, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi dáadáa, lábẹ́ ẹ̀ lẹ máa kọ orúkọ dáírẹ́kítọ̀, àwọn òṣèré tó ṣe gbòógì, ọdún tó jáde àti iye ìṣẹ́jú ẹ̀, lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń kọ ìyẹn. Fọ́tò kan tó mọ́ kedere láti inú fíìmù náà ti tó, ó sàn ju mẹ́rin tó ṣókùnkùn lọ.

Ti ìràwọ̀ tẹ́ ẹ bèèrè, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń sọ bí fíìmù ṣe dára tó, ìwé ìròyìn New York Daily News ti ń lò ó láti 1928, mẹ́ta ló pọ̀ jù nígbà yẹn, àmọ́ márùn-ún ni màgasíìnì fíìmù Empire ń lò.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti to rífíù ni ti màgasíìnì Monthly Film Bulletin tí wọ́n ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1934 títí di 1991, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń kọ ìtàn fíìmù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń kọ èrò wọn, ẹni tó wà ní Mọ́pà tàbí Ìsánlú tí ò tíì wò ó á kàn fo ti ìtàn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ fọ́ǹtì yín wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, àwọn kan kì í gba àmì ohùn, orúkọ òṣèré á wá dàrú.