Wampum kì í ṣe owó ẹyọ àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́

Ìbéèrè tó délẹ̀ ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wampum? Mo gbọ́ pé owó tí àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ná kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé ni, bí owó ẹyọ tiwa."

Àlàyé yìí ti tàn ká, ó sì máa ń bí mi nínú. Owó ẹyọ la fi ń ra ẹ̀kọ, òun la fi ń ra iṣu, òun la fi ń san owó ibodè. Kò sẹ́ni tó ń di wampum lérù lọ sọ́jà ra àgbàdo ní etíkun Narragansett, ní àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, kí òyìnbó tó débẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi nǹkan tiwa wé e, àrokò ni ká mú. Ẹyọ méjì tí a so kojú síra tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ó ní ohun tó ń wí. Bí a bá so ó kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó gbà á kì í ṣírò ohun tó lè fi rà. Ohun tí wọ́n ní kó gbọ́ ló ń gbọ́. Ẹ̀ka yẹn ni wampum wà.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni, oríṣi méjì. Funfun ń wá láti ọ̀pó tó wà láàárín ìkarahun ìgbín òkun. Elésè àlùkò, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dúdú, ń wá láti ara quahog, ẹran omi tí ìkarahun rẹ̀ jẹ́ méjì tó ń pa dé mọ́ra. Ìwọ̀nba apá kan nínú ìkarahun quahog ló ní àwọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí dúdú fi wọ́n ju funfun lọ. Wọn á fọ́ ibi tó ní àwọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọn á há a sáàárín igi tí wọ́n là lẹ́nu, wọn á lu ihò dé ìdajì, wọn á yí i, wọn á lu ìdajì kejì kí ihò méjèèjì lè pàdé. Omi gbọ́dọ̀ máa kán sí i lórí. Láìsí omi, yóò gbóná, yóò sán, eruku rẹ̀ á sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń ṣe é jẹ́. Bí ihò ò bá pàdé, iṣẹ́ gbé. Lẹ́yìn náà ni wọn á máa yí i lójú òkúta tí wọ́n gbẹ́ ìlà sí títí tí yóò fi dán. Èyí tó bá yọrí kò ju nǹkan bí mìlímítà 6 lọ ní gígùn. Kí irin òyìnbó tó dé, òkúta ṣóńṣó ni wọ́n fi ń lu ú, nítorí náà kì í tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí, kì í sì í pọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn Haudenosaunee, ìlú márùn-ún tó di mẹ́fà nígbà tí Tuscarora dara pọ̀ mọ́ wọn, ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù. Ìtàn wọn ní àwọn ọmọbìnrin Hiawatha, aṣáájú wọn kan láyé àtijọ́, kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wọ igbó lọ, kò rí ẹni tu òun nínú. Ó wá sin ìlẹ̀kẹ̀ sókùn, ó gbé e kọ́ sórí igi níwájú ara rẹ̀, ó ní bí òun bá rí ẹni tí ìbànújẹ́ bò báyìí, okùn wọ̀nyí lòun yóò mú dání tí òun yóò fi tù ú nínú. Onílàjà ńlá ilẹ̀ wọn gbọ́ ọ, ó mú okùn náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ yẹn gan-an tu Hiawatha nínú. Títí dòní, bí olóyè bá kú, apá kan nínú ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń tu apá kejì nínú, etí igbó sì ni wọ́n ti ń pàdé kí wọ́n tó wọlé. Okùn kìíní nu omijé nù, kí ojú lè ríran. Èkejì yọ ohun tó dí etí. Ẹ̀kẹta tú ohun tó há sọ́fun, kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè mí, kó sì lè fọhùn. Bí wọ́n bá ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á na okùn rẹ̀ sí apá kejì. Nígbà tí apá kejì bá sì ń fèsì, wọn á dá okùn wọ̀nyí padà. Ẹ dúró lórí ìyẹn: wọ́n dá a padà! Owó wo la ń san tí ẹni tó gbà á tún ń gbé padà fúnni? Nínú ìgbìmọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tí kò bá ní wampum lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Àwọn òyìnbó ló sọ ọ́ dowó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí Plymouth, ní etíkun kan náà, ní 1620 jẹ gbèsè ní London, awọ beaver, ẹranko omi onírun, tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ fi san án. Fàdákà ò tó wọn ná láàárín ara wọn. Ní 1627, Isaack de Rasieres, akọ̀wé àwọn Dutch, ta wampum £50 fún wọn kí wọ́n máa fi ra awọ. William Bradford, gómìnà wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tó ọdún méjì kí èyí tí wọ́n rà tó tà tán, àfìgbà tí àwọn ará inú igbó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, wọn ò rí i tó mọ́. Massachusetts, ìletò Gẹ̀ẹ́sì tó múlé gbe Plymouth, ṣòfin ní 1637 pé ìlẹ̀kẹ̀ 6 ni kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ ayé pọ́n-ùn tí 12 rẹ̀ jẹ́ ṣílè. Ní 1641 òfin gbà kí wọ́n fi san gbèsè tó £10, ní 1643 wọ́n já a wálẹ̀ sí ṣílè 40. Okùn tó gùn tó ìnà apá àgbàlagbà méjèèjì, tí ìlẹ̀kẹ̀ funfun 360 wà lórí rẹ̀, di ṣílè 5. Roger Williams, Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé nítòsí àwọn Narragansett, kọ ní 1643 pé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ṣílè 9 tàbí 10 ni, pé owó awọ beaver tó já ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fà á.

Bó ṣe di nǹkan kíkà ni ayédèrú dé. Wọ́n ń pa funfun láró kó lè jọ dúdú, wọ́n ń ki èyí tó fọ́ sáàárín. Ní 1648 Massachusetts pàṣẹ pé oríṣi ìdì mẹ́jọ péré ni kí wọ́n máa so: funfun ní kọ́bọ̀ 1, kọ́bọ̀ 3, ṣílè 1 àti ṣílè 5, dúdú ní kọ́bọ̀ 2, kọ́bọ̀ 6, ṣílè 2 ààbọ̀ àti ṣílè 10. Kò gbà á sílẹ̀. Boston bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ṣílè fàdákà ní 1652, Massachusetts sì fagi lé òfin wampum ní 1661. Gẹ̀ẹ́sì tí tirẹ̀ ṣì wà nínú àpò, àdánù dé bá a.

Ti àwọn onílẹ̀ burú ju àdánù lọ. Ní 26 oṣù Karùn-ún 1637, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn Mohegan àti Narragansett, onílẹ̀ bíi ti Pequot, sun ìlú àwọn Pequot ní Mystic, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú, tobìnrin tọmọdé. Àdéhùn Hartford ní 1638 ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ orúkọ Pequot mọ́. Wọ́n pín àwọn tó ṣẹ́ kù, wọ́n sì ní kí àwọn tó gbà wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún: okùn wampum kan lórí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, ìdajì lórí ọ̀dọ́, ìwọ̀n ọwọ́ kan lórí ọmọkùnrin kékeré. Ní 1645 ó kan àwọn Narragansett fúnra wọn, okùn 2,000. Ní ìṣírò 360, ìlẹ̀kẹ̀ 720,000 nìyẹn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ lu lọ́kọ̀ọ̀kan! Wọn ò lè san án tán. Ní 1660 wọ́n tún bu ìtanràn lé wọn, okùn bí 600. Humphrey Atherton, ọ̀gágun Massachusetts, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wọn san án, wọ́n sì gba ilẹ̀ wọn ní ìdógò. Àwọn aṣojú ọba fagi lé ìwé ìdógò náà ní 1665, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 1675 ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá wọn nínú irà tí wọ́n sá sí, wọ́n sì jó ilé wọn. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni wọ́n sọ di gbèsè, gbèsè náà ló sì ń lé ilẹ̀ kiri.

Ó dùn mí pé inú ilé tiwa gan-an ni àṣìṣe yìí ti ń jáde. Ẹni tó bá mọ àrokò kò ní ka ìkarahun tí a sin sókùn sí owó lásán, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ló lè túmọ̀ ẹyọ méjì tó kẹ̀yìn síra?

Àṣìṣe kan náà ni àwọn Onondaga, ọ̀kan nínú ìlú Haudenosaunee, bá dé ilé ẹjọ́. Wọ́n pe John Boyd Thacher ti Albany lẹ́jọ́ lórí ọ̀já mẹ́rin, ìlẹ̀kẹ̀ wampum tí wọ́n hun pọ̀, tí ó rà. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní 1903, wọn ò rí ọ̀já náà gbà. Àwọn Haudenosaunee tó wà ní Grand River ní Kánádà rí ọ̀já 11 gbà padà ní 1988. Ní 1989, mùsíọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀ New York dá 12 padà fún Onondaga, níbi tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n.