Èsì: Bẹ́ẹ̀ ni, Aldborough House ti jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá òótọ́ ni pé ilé ńlá tó ń bàjẹ́ lọ ní Portland Row, ní Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland, ti jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rí. Òótọ́ ni. Edward Stratford, ìjòyè Aldborough, ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1790, àmọ́ kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Ó kú ní 1801. Ní 1813, Gregor von Feinaigle, ará Jámánì tó máa ń kọ́ni ní ọgbọ́n ìrántí, sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́. (Mọ́ǹkì, ìyẹn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Kátólíìkì, ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀ o!) Ó kú ní 1819, ilé ẹ̀kọ́ náà ò sì tọ́jọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà gbé ibẹ̀, nígbà tó yá ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ohun tó ba ilé náà jẹ́ gan-an ni pé wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo. Àwọn olè ká òjé orí òrùlé rẹ̀ lọ, òjò wá ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀, ó wà lára àwọn ilé tí òfin ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó! Lójú tèmi, ká ní wọ́n tètè dí òrùlé yẹn ni, owó àtúnṣe rẹ̀ ì bá má pọ̀ tó báyìí.