Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi: ṣé Èkìtì ni kí n kọ́ ọ sí ni, àbí Mowé?

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ Èkìtì, Èkó ni mò ń gbé. Mo fẹ́ kọ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sórí ilẹ̀ bàbá mi nílé. Àbúrò mi ní kí n má dán an wò, pé àwọn ará ilé ò bímọ mọ́, kí n lọ ra ilẹ̀ sí Mowé. Ṣé lóòótọ́ ni ibi téèyàn ń gbé máa ń pinnu iye ọmọ tí yóò bí? Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí ọmọ wà?

Ìdáhùn: Mà, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni àbúrò yín dì pọ̀: iye ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí, àti iye ọmọ tó wà nílùú. Èkejì gan-an ló kan ilé-ìwé yín.

Òótọ́ ni pé ibùgbé lọ́wọ́ nínú ọmọ bíbí. Nínú ìwádìí ìlera àti ọmọ bíbí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, ọmọ 4.5 ni obìnrin ìgboro ń bí láyé rẹ̀ ní ìpíndọ́gba, ti ìgbèríko sì jẹ́ 5.9. Èkó ló kéré jù, 3.4; Katsina ló pọ̀ jù, 7.3. Kì í ṣe omi tàbí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fà á. Lóko, ọmọ ọdún méje ti ń gbé nǹkan lọ́wọ́ òbí. L'Ékòó, owó ilé-ìwé ni ọmọ ọdún méje ń jẹ, nínú yàrá tí owó rẹ̀ ń gun òkè lọ́dọọdún. Ìlera ńkọ́? Nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí, ìwádìí yẹn ní 187 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ní àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn tiwa, 62. Ẹni tí ẹ̀rù ikú ọmọ ń bà kì í dáwọ́ bíbí dúró. Ẹ rántí bí Málọmọ́ àti Dúrójayé ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn ìyá wa àgbà, kí ẹ wá wo rẹ́jísítà kíláàsì tí ẹ kọ́ kẹ́yìn. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ tí mo bá rí i pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 náà kún un: ọmọbìnrin tó bá pẹ́ nílé-ìwé kì í tètè relé ọkọ.

Ẹ wá wo Èkó tí obìnrin ibẹ̀ ń bí díẹ̀. Kí ló dé tí kíláàsì ibẹ̀ fi ń kún àkúnya? Àwọn ọ̀dọ́ ló ń rọ́ débẹ̀, ọjọ́ orí ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí ni wọ́n sì wà. Bí olúkúlùkù bá bí mẹ́ta péré, ọmọ á pọ̀. Èkó ló kéré jù nílẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Òkun tì í ní gúúsù, ọ̀sà gba inú rẹ̀. Ọ̀nà Ògùn ló kù tó lè gbà fẹ̀, ìdí nìyẹn tí Ọ̀tà, Ìbàfò àti Mowé fi kún. Ó pọ̀ nínú àwọn tó ń kó lọ síbẹ̀ tó jẹ́ tọkọtaya tuntun tó ń wá ilé tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, kì í ṣe pé obìnrin ò bímọ mọ́. Obìnrin tí ì bá bímọ níbẹ̀ ti wà l'Ékòó, ní Ìbàdàn tàbí Àbújá, ó ń bímọ tiẹ̀ lọ́hùn-ún. Àmọ́ Adó-Èkìtì tó ní yunifásítì kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlú kékeré tí ọ̀nà rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà ẹ má fi orúkọ Èkìtì nìkan ṣèdájọ́.

Ẹ má gbára lé ìkànìyàn. Ti 2006 la kà kẹ́yìn, ọmọ ọwọ́ ìgbà náà ti dàgbà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé ìlú yín lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ ní kí àwọn nọ́ọ̀sì sọ iye ọmọ tuntun tó wọ ìwé wọn lóṣooṣù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ má lọ ní Dìsẹ́ńbà tàbí nígbà Àjíǹde. Àlejò á tàn yín jẹ. Ẹ ka àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti kẹfà nílé-ìwé ìjọba: bí kìíní bá kéré gan-an sí kẹfà, tí kò sì jẹ́ ilé-ìwé aládàáni ló kó wọn lọ, ẹ rora.

Ní Mowé, ẹ ka iye ilé-ìwé tó ti wà nílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé àdúgbò máa ń dàgbà: ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ àwọn lánlọ́ọ̀dù òní á ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, tọkọtaya tuntun á sì ti kọjá síwájú.

Nǹkan kan tí wọ́n sábà máa ń gbójú fò nílé: àwọn abúlé oko. Àwọn Ẹ̀bìrà àti àgbẹ̀ mìíràn tó ń dáko lágbègbè wa máa ń kó ìdílé wá, ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ bi nọ́ọ̀sì pé ibo ni àwọn ìyá ọmọ náà ti ń wá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà oko ni púpọ̀ wọn ti ń wá, tí ilẹ̀ bàbá yín sì wà lójú ọ̀nà yẹn, ẹ fi yàrá méjì bẹ̀rẹ̀, kí owó ilé-ìwé yín sì jẹ́ èyí tí àgbẹ̀ lè san lẹ́yìn ìkórè.